Ikùn tó ń wú: ìjíròrò lórí Antoine, ọmọ ọdún 12, àti ìlú Beauval

ÌBÉÈRÈ

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìtàn-àròsọ Pierre Lemaitre tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Trois jours et une vie (ìyẹn Ọjọ́ mẹ́ta àti ìgbésí-ayé kan) tán. Ọdún 2016 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀dà ti Gẹ̀ẹ́sì ni èmi rí kà. Ìbínú ni mo fi pa ìwé náà dé. N kò tíì rìn jìnnà nínú rẹ̀ rárá tí mo ti mọ ẹni tó pa ọmọ, tí mo ti mọ ibi tó gbé òkú sí, tí mo sì ti mọ ohun tó fà á. Àwọn agbófinró wá, wọ́n lọ, wọn kò rí i mú. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lédè Yorùbá, mo sì mọ bí Lápàdé inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ṣe máa ń tọpa ọ̀daràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé àwọn Faransé, ẹ là mí lọ́yẹ̀: kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń pe irú èyí ní ìwé ọ̀daràn? Ṣé kí a máa káàánú apànìyàn ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa?

* * *

ÌDÁHÙN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ìtàn náà fún àwọn tí kò tíì kà á, kí a lè jọ máa sọ ohun kan náà. N kò ní fi òpin rẹ̀ pamọ́, nítorí lórí òpin yẹn gan-an ni àríyànjiyàn wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kà á fúnra rẹ̀ kí ó dúró níhìn-ín.

Beauval ni ìlú náà, òǹkọ̀wé ló fi ọkàn ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó. Igbó yí i ká. Ilé-iṣẹ́ Weiser, tó ń fi igi ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ń jẹun, Weiser tó ni ilé-iṣẹ́ náà ló sì tún jẹ́ olórí ìlú. Antoine Courtin jẹ́ ọmọ ọdún 12 ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1999. Bàbá rẹ̀ ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbé ní Jámánì. Ọmọ náà fẹ́ràn ajá aládùúgbò wọn ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ọkọ̀ gbá ajá yìí. Desmedt tó ni ín yìnbọn pa á, ó sì sọ òkú rẹ̀ sínú àpò bí ìgbà tí èèyàn bá ń kó pàǹtí. Lẹ́yìn èyí ni Rémi, ọmọ Desmedt, ọmọ ọdún 6, bá Antoine lọ sínú igbó, níbi tí Antoine ti kọ́ ahéré kan sórí igi. Inú Antoine ru sókè nítorí ajá, ó la igi mọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ náà ṣubú, ó kú. Antoine wọ́ ọ lọ sí ìdí igi ńlá kan tó ti wó, ó tì í sínú ihò tó wà níbẹ̀, ó sì padà sílé láìsí aago ọwọ́ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́.

Ó dáa. Ẹ sọ pé ẹ ti mọ apànìyàn kí ìwé tó gbéra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀daràn kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo, àwọn Faransé fúnra wọn sì ya ohun tí wọ́n ń pè ní roman à énigme, ìwé tí a ti ń wá ẹni tó ṣe é, sọ́tọ̀ kúrò lára roman noir, ìwé tó ń tú ọkàn ọ̀daràn àti ìlú rẹ̀ wò. Ti àkọ́kọ́ dà bí àlọ́ àpamọ̀: wọ́n pa á, ẹ já a, ó tán. Ti ìkejì sún mọ́ àlọ́ tí a ń pa fún ọmọdé lálẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń pa àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kí ó lè lóyún, ta ni nínú wa tó béèrè rí pé ta ló jẹ ẹ́? Ojú wa ló ṣe. Ohun tó mú wa jókòó ni ikùn tó ń wú, àti bí ọkùnrin yóò ṣe gbé irú ikùn bẹ́ẹ̀ rìn lójú ayé. Ikùn tó ń wú ni Lemaitre kọ sínú ìwé yìí. Ẹni tó bá ń wá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbẹ̀ yóò bínú, kò sì ní jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kò tà ni ó ń ná.

Ti àánú, mo ń bọ̀ wá sí i.

* * *

ÌDÁHÙN, LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ ÒFIN

Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti dáhùn pé ọmọ náà gbọ́n bí ó ti pa ẹnu mọ́, pé bí ó bá sọ̀rọ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni ì bá ti hu irùngbọ̀n. Mo fẹ́ kí a dúró lórí èyí dáadáa, nítorí bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, a ti ka ìwé náà sódì.

Òfin tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tó bá ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1999 ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1945. Lábẹ́ òfin yẹn, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 ní ọjọ́ tí ó ṣẹ̀ kò ṣeé rán lọ sí ẹ̀wọ̀n, ohun yòówù kí ó ṣe. Adájọ́ àwọn ọmọdé lè dá a padà fún òbí rẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, ó sì lè fi í sí ilé ìtọ́jú tàbí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ọdún 2002 ni wọ́n fi àwọn ìjìyà ìbániwí kan kún un fún ọmọ ọdún 10 sókè, kò sì sí ẹ̀wọ̀n nínú ìwọ̀nyẹn pẹ̀lú. Àgbàlagbà tó bá lu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tí ọmọ náà sì ti ibẹ̀ kú láìjẹ́ pé ó ní in lọ́kàn láti pa á, lè lọ fi 20 ọdún ṣẹ̀wọ̀n. Antoine kì í ṣe àgbàlagbà. Ọdún kan péré ni ó fi dín sí ọjọ́ orí tí òfin gbé kalẹ̀, ọdún kan yẹn sì ni gbogbo ìyàtọ̀.

Ẹ tún wo èyí: ọjọ́ orí tí èèyàn jẹ́ ní ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ni òfin máa ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n mú un. Nítorí náà, nígbà tí ìtàn dé ọdún 2011, tí Antoine ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dókítà, tí wọ́n ń palẹ̀ igbó mọ́ tí wọ́n sì rí egungun Rémi, ojú ọmọ ọdún 12 ni ilé-ẹjọ́ ṣì gbọ́dọ̀ fi wò ó. Ẹnì kan tún mú ọ̀rọ̀ gbèdéke wá, pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Ọdún 10 ni òfin fi sílẹ̀ nígbà náà láti pe ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá lóòótọ́, ọdún 2017 ni wọ́n sọ ọ́ di 20, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ìwádìí tí wọ́n bá gbé gbẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ti kọjá. Kò sì pọn dandan kí a mọ̀ ọ́n.

Ṣé àṣìṣe òǹkọ̀wé wá ni ẹ̀rù tó ba Antoine? Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ọmọ ọdún 12 kò ka òfin. Ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n ni ohun tí ọkàn rẹ̀ yà fún un: àwọn jáńdáàmù (ọlọ́pàá ìgbèríko Faransé) tó kan ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn, àwọn aládùúgbò tó ń wò. Ẹ wò ó dáadáa, ìlú ni ẹ̀rù rẹ̀, òfin kọ́. Nígbà tó sì dàgbà tó ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ amòfin, ọjọ́ ti lọ lórí irọ́ náà, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti dúró lé e lórí. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé náà ni pé ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí fún ọmọ yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí àgbàlagbà kan ṣoṣo tó fi hàn án.

* * *

ÌDÁHÙN KÚKÚRÚ, LÓRÍ ÀKỌLÉ

Wọ́n béèrè bóyá ọjọ́ mẹ́ta inú àkọlé dúró fún ọdún mẹ́ta tí a fi pín ìwé náà, ìyẹn 1999, 2011 àti 2015. Ó wuyì, ṣùgbọ́n kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ọjọ́ mélòó kan tó wà láàárín ikú Rémi àti ìjì tó jà lẹ́yìn Kérésìmesì ni ọjọ́ náà. Gbogbo ìyókù ni ìgbésí-ayé kan. Ìwọ̀n ojú-ewé tí òǹkọ̀wé fún apá àkọ́kọ́ jẹ́rìí sí i.

* * *

ÌDÁHÙN, LÓRÍ ÌYÁ ANTOINE

Ìyá yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lé lórí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èrò tí ọ̀pọ̀ yín gbé kalẹ̀ ni pé Blanche Courtin kò mọ nǹkan kan, pé obìnrin tó ń dá tọ́ ọmọ, tó ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Kowalski ẹlẹ́ran, kò ráyè wo ojú ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó mọ̀, ó sì burú ju ọmọ náà lọ. Èmi wà láàárín, ṣùgbọ́n mo sún mọ́ àwọn tó ní ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò tíì kọ síbì kankan rí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí ọmọ kan ní agboolé wa, tí kò ju ọmọ ọdún 6 lọ, tẹ̀ lé mi gun igi gúáfà. Èmi ni mo ní kí ó gùn ún. Ẹ̀ka ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já bọ́, apá rẹ̀ sì kán. Mo bọ́ sílẹ̀ ní apá kejì, mo sá gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn àgbà dé ibẹ̀, ẹkún nìkan ni ọmọ náà ń sun, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní agboolé náà tí gbogbo èèyàn ti kà sí aláìgbọràn; wọ́n mú un, wọ́n nà án, wọ́n ní òun ló máa ń kó àwọn ọmọ kéékèèké gorí igi. Mo dúró láàárín àwọn tó ń wò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi lọ lọ́fun mi. Ìyá mi àgbà rí i. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ń se àgbo, ó ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ibà ni. Ibà kankan kò sí ní ara mi, òun náà sì mọ̀, nítorí obìnrin tó tọ́ ọmọ mẹ́jọ kò lè ṣi ibà mọ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Mo rò nígbà náà pé mo ti bọ́. Nígbà tí mo dàgbà ni ó yé mi pé òun ló kọ̀ láti béèrè, nítorí bí ó bá béèrè, mo máa dáhùn, bí mo bá sì dáhùn, òun náà ti di ẹni tó mọ̀, yóò sì ní láti dìde lọ bá ìyá ọmọ tí apá rẹ̀ kán.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ibi tí Antoine gbé oògùn tó bá nínú ilé jẹ, tó fẹ́ kú, tó ń bì, tí ìyá rẹ̀ nu ilẹ̀, tó tọ́jú rẹ̀, tó sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo mọ obìnrin yẹn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Ìfẹ́ rẹ̀ ni ó sọ di ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó burú ju ọmọ lọ, ẹ rántí pé ó ń gbé nínú ìlú tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láàárín wọn ni ọmọ rere. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò mọ̀, ẹ padà lọ ka ibi oògùn yẹn.

* * *

ÌDÁHÙN, LÓRÍ DÓKÍTÀ

Nọ́ọ̀sì kan dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ó yẹ kí wọ́n gbé Antoine lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tó gbé oògùn jẹ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, láìdín kù. Ọmọ tó bá gbé oògùn jẹ láti kú, ilé ìwòsàn ni à ń gbé e lọ. Dókítà Dieulafoy, dókítà inú ìtàn náà, wo Antoine ní ilé, ó fi yé ọmọ náà pé òun wà níbẹ̀ bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń yìn ín pé ó ní àánú, pé ó bo ọmọ náà láṣìírí, mo gbọ́ yín, àánú sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 kì í dá wá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Àgbà ló ń lọ bá a.

* * *

ÌBÉÈRÈ MÌÍRÀN LÁTI Ọ̀DỌ̀ ẸNI TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ ṣé, àlọ́ Ìjàpá yẹn wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Ìlú kékeré ni Beauval. Ní ìlú kékeré, bí èèyàn bá sín ní ìparí àdúgbò kan, wọn yóò kí i ní ìparí kejì. Báwo ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ṣe mọ̀ fún ọdún méjìlá?

* * *

ÌDÁHÙN, LÓRÍ ÌLÚ KÉKERÉ

Ibi tí ìbéèrè yín ti dára jù nìyí, mo sì fẹ́ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an dáhùn rẹ̀, kí a má máa rò pé òǹkọ̀wé ló fi irọ́ gbé ìlú náà ró.

Tulle ni olú-ìlú ẹkùn Corrèze ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, ìlú tí kò tóbi. Láti ọdún 1917 títí di 1922, lẹ́tà tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ń dé sílé àwọn ará ibẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn lẹ́tà náà ń tú àṣírí: ta ló ń yan àlè, ta ló ń ṣe kí ni ní kọ̀rọ̀. Ọkọ kò gbẹ́kẹ̀ lé aya mọ́, òṣìṣẹ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìlú mọ àṣírí gbogbo ìlú, ẹni tó ń kọ ọ́ nìkan ni wọn kò mọ̀. Wọ́n ní kí Edmond Locard wá láti Lyon, ẹni tó dá ibi ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọlọ́pàá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1910. Ó kó àwọn obìnrin tí wọ́n fura sí jọ, ó ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn kí wọ́n máa kọ ọ́, ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ títí ọwọ́ yóò fi rẹ ẹni tó ń dọ́gbọ́n yí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ padà. Angèle Laval ni ọwọ́ bà, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn náà, tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọ̀gá kan níbẹ̀, tí ọ̀gá náà sì lọ gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ẹ̀wọ̀n oṣù kan tí wọ́n dá dúró àti owó ìtanràn ni ilé-ẹjọ́ dá fún un ní ọdún 1922. Fíìmù tí Henri-Georges Clouzot ṣe ní ọdún 1943 fa omi nínú kànga yẹn, orúkọ ẹyẹ ìwò tó sì fi pe fíìmù náà ni àwọn Faransé fi ń pe ẹni tó bá ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kí ni èyí fi yé wa nípa Beauval? Pé ìlú kékeré mọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wò nìkan ló ti ń rí. Ojú rẹ̀ máa ń lọ síbi tí ó ti mọ́ ọn lára. Ní Beauval, Kowalski ni ojú lọ sí: ẹlẹ́ran tí orúkọ rẹ̀ ti ilẹ̀ Pólàǹdì wá, tó ń dá gbé, tí àwọn ọmọdé ń sá fún. Àwọn jáńdáàmù mú un, wọ́n da ìbéèrè bò ó, wọ́n tú u sílẹ̀, ara sì tu ìlú fún ìgbà díẹ̀ nítorí wọ́n ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ta ni yóò wo ọmọ Blanche, tó máa ń kí èèyàn, tó bá àwọn àgbà kẹ́dùn? Ọmọkùnrin tí wọ́n nà ní agboolé wa ni Kowalski tiwa. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè, kì í ṣe nítorí pé mo mọ irọ́ í pa.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbé ní ìlú ńlá máa ń gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bọ́ Beauval, ó sì ti ń lé òṣìṣẹ́. Bàbá Rémi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Olórí ìlú tó ń ṣètò wíwá ọmọ nínú igbó náà ni ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé ìdádúró àwọn tó ń bá a wá a. Ìbínú tó wà nínú ìlú kí ọmọ tó sọnù pọ̀ ju ohun tí ọmọ kan lè gbé lọ, òǹkọ̀wé sì fi sùúrù kọ ọ́ débi pé mo ń gbọ́ bí àwọn ọkùnrin náà ṣe ń mí nígbà tí wọ́n tò lọ sínú igbó. Apá yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

* * *

ÌDÁHÙN, LÓRÍ ÌJÌ

Wọ́n ní ìjì tó dé lẹ́yìn Kérésìmesì, tó wó igbó lulẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ibi tí òkú wà wò, jẹ́ ọgbọ́n òǹkọ̀wé tí kò mọ bí yóò ṣe yọ ara rẹ̀. Ìjì náà ṣẹlẹ̀. Méjì ni: èyí tí wọ́n pè ní Lothar jà ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1999, èyí tí wọ́n pè ní Martin tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 27 mọ́ 28. Ní Montsouris nínú ìlú Paris, afẹ́fẹ́ sáré dé 169 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó lé ní 80 èèyàn tó bá a lọ ní ilẹ̀ Faransé, igi tó wó lé ní 100 mílíọ̀nù mítà ní ìwọ̀n ìbú, òòró àti gíga, ọ̀pọ̀ igbó ni kò sì ṣeé wọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa igbó Faransé ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò lè ṣàìkọ ìjì.

Síbẹ̀, mo gbà fún yín níbì kan: ó bọ́ sí àsìkò jù. Bí ìwé náà bá dúró lórí ìjì nìkan, mo máa sọ pé ó yẹ̀. Ohun tó gbà á là ni pé kò sí ìtura nínú rẹ̀ fún Antoine. Ìjì bo òkú, kò gbé e lọ. Ọdún méjìlá ni ó fi mọ ibi tó wà.

* * *

ÌDÁHÙN, LÓRÍ ÉMILIE, NÍBI TÍ MO TI YÍ ÈRÒ PADÀ

Mo ti máa ń sọ fún àwọn tí a jọ kọ́ èdè Faransé ní Àgbádárìgì pé apá ọdún 2011 ni ìjìyà Antoine, pé kò sí adájọ́ tó lè dá ẹjọ́ tó le tó bẹ́ẹ̀. Òun àti Émilie, ọmọ aládùúgbò wọn tó ti ní àfẹ́sọ́nà, sùn pọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó wá kí ìyá rẹ̀, Émilie lóyún. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n rí egungun Rémi, tí wọ́n sì rí irun ẹnìkan tí kì í ṣe ti ọmọ náà lára rẹ̀. Bàbá Émilie ní bí Antoine bá kọ oyún, òun yóò gba ilé-ẹjọ́ lọ kí wọ́n fi DNA mọ bàbá ọmọ. Ẹni tí irun rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn jáńdáàmù kò lè jẹ́ kí wọ́n gba DNA rẹ̀. Antoine gbé Émilie níyàwó, ó fi Laura tó fẹ́ràn sílẹ̀, ó sì di dókítà ní ìlú tó ti ń wá ọ̀nà àtisá kúrò.

Mo ti ka èsì àwọn obìnrin mẹ́rin tó dáhùn sí èyí, mo sì ní láti gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ju tèmi lọ. Wọ́n ní: bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n Antoine, kí wá ni Émilie? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òun ṣẹ̀? Ìwé náà fi í hàn wá láti ojú ọkọ tí kò fẹ́ ẹ nìkan, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀, ilé rẹ̀ sì di ibi tí a ti ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. N kò rí ibì kan tí òǹkọ̀wé ti fún un ní ọkàn tó fún Blanche. Mo padà lọ wò ó lẹ́yìn tí mo ka èsì yín, n kò rí i. Àbùkù gidi ni fún ìwé tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú ọkàn èèyàn palẹ̀. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

* * *

ÌDÁHÙN, PADÀ SÍ ÌBÉÈRÈ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí a káàánú apànìyàn. Mo káàánú ọmọ ọdún 12 náà, n kò sì ní tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀. Ẹni ọdún 24 tó jẹ́ kí bàbá àti ìyá Rémi máa wojú ọ̀nà, n kò káàánú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà gba méjèèjì láyè, kò fi ipá mú wa. Ohun tí kò gbà láyè ni kí a pa ojú dé mọ́ Bernadette, ìyá Rémi, kí a wá máa sọ̀rọ̀ Antoine nìkan bí ẹni pé òun ló kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ òpin, tí ẹ ní kò ṣeé gbà gbọ́. Ní ọdún 2015, Antoine wá mọ̀ pé Kowalski rí òun ní ọjọ́ tí Rémi kú, ní ẹ̀gbẹ́ igbó, ó sì mọ̀ pé Kowalski dákẹ́, àní nígbà tí àwọn jáńdáàmù tì í mọ́lé, nítorí òun àti Blanche ń fẹ́ra wọn ní ìkọ̀kọ̀. Aago ọwọ́ tó sọnù ní ọjọ́ náà sì padà dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ní kò sí èèyàn tí wọ́n máa fi ẹ̀sùn ẹlòmíràn kàn tí yóò gbé e mì. Ẹ ní ìfẹ́ obìnrin kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún kí n tó lọ bá ọmọkùnrin tí wọ́n nà nítorí igi gúáfà. Ó ti ní ilé-iṣẹ́ iṣẹ́-igi tirẹ̀ nígbà náà. Mo mú ẹ̀bùn lọ, mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a wà ní ọmọdé. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ibi igi rárá tó fi gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun wà lórí òrùlé ilé ìdáná ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, òun rí wa láti ìgbà tí a ti ń gùn ún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ìyá mi àgbà ló máa ń fún òun lóúnjẹ.